Ọjọ́ Tí Ràfíátù Ké "Onílẹ̀ Dé"

Mo gbọ́ bí ẹ ṣe ń rẹ́rìn-ín láàárọ̀ yìí, nígbà tí ojú ọ̀run ṣú, tí àwọn ará ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lu garawa. Ẹ ní, "Bàbá, kí ló ń ṣe àwọn èèyàn yìí? Ṣé ọdún garawa ni wọ́n ń ṣe ni?" N ò bínú sí yín. Ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ lè rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n ni n kì í lè rẹ́rìn-ín, nítorí ìgbàkígbà tí mo bá gbọ́ garawa yẹn, ojú ni í máa ń tì mí. Ẹ jókòó. Ẹ fi fóònù yín sílẹ̀ ná. Òjò tó ṣú yìí kò ní jẹ́ kí ẹ lọ síbì kankan, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín ohun tí garawa yẹn gbà lẹ́nu ìdílé wa.

Ibi tí ẹ ń pè ní Òkè-Ayọ̀ yẹn, kì í ṣe òkè. Àkúrọ̀ ni. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè máà mọ ohun tó ń jẹ́ àkúrọ̀: ilẹ̀ tútù létí odò, tí a máa ń gbin ẹ̀fọ́ àti àgbàdo sí nígbà ẹ̀rùn, nígbà tí ilẹ̀ òkè bá ti gbẹ, tí a sì máa ń fi sílẹ̀ fún omi nígbà òjò. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kò sí ilé kankan níbẹ̀. Láti ẹ̀yìn Ìgàndò níbí títí dé ọ̀nà Ìkọ̀tún, oko ẹ̀gẹ́ ni, ọ̀pẹ ni, igi ọsàn ni. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ láti Ìṣẹ̀rí, a ó ti gbọ́ ọ tipẹ́ kó tó yọ, àwa ọmọdé á sì ti máa jiyàn bóyá ọkọ̀ oníṣòwò obì ni tàbí ti ẹni tó wá ra epo. Lójú òjò, ọ̀pọ̀lọ́ àti kọ̀ǹkọ̀ ló ń fi ariwo bò wá. Lónìí, ìró jẹnẹrétọ̀ ló gba ipò wọn, kódà tí ọ̀pọ̀lọ́ bá ṣì wà, ta ni yóò gbọ́ ọ?

Odò yẹn kéré lójú. Nígbà ẹ̀rùn, ọmọdé lè fò ó. Ṣùgbọ́n tó bá ti kún, àwọn bàbá wa kì í pè é ní odò mọ́, onílẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní àwa kọ́ la ni àkúrọ̀, omi ló ni ín, ó kàn ń yá wa lò nígbà ẹ̀rùn ni. Bí omi bá wá ń bọ̀ wá gba ilẹ̀ rẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ mọ̀ yóò ké pé, "Onílẹ̀ dé o!" Gbogbo ẹni tó wà nínú àkúrọ̀ á sì dáhùn pé, "A fún un lọ́nà!" Wọ́n á ju ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n á gbé ọmọ pọ̀n, wọ́n á sì gba ẹ̀gbẹ́ pèrègún gòkè wá síbí.

Ẹ dúró kí n sọ ti pèrègún, nítorí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn pèrègún yẹn kì í ṣe ti òrìṣà kankan. Ọdún tí omi bá kún jù, ibi tó bá dúró sí ni wọ́n máa ń gbin pèrègún sí, nítorí igi tí kì í kú bọ̀rọ̀ ni. Bó ṣe di ọ̀wọ́ gígùn láti etí àkúrọ̀ dé ẹ̀yìnkùlé wa nìyẹn. Ìdí rẹ̀, ilẹ̀ pupa tó le ni. Apá ìsàlẹ̀ rẹ̀, lọ́nà odò, ẹrẹ̀ ni. Ẹni tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè pèrègún, omi kò ní bá a. Ẹni tó bá kọ́lé sísàlẹ̀ rẹ̀, ilé omi ló kọ́. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sínú ìwé, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tó já ọmú tí kò mọ̀ ọ́n.

Kí ọ̀rọ̀ náà má baà tán lẹ́nu àwọn ọmọ, wọ́n sọ ọ́ di eré. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, àwọn ìyá wa á dín àkàrà, wọ́n á gbé e pẹ̀lú ẹ̀kọ lọ sí ìdí pèrègún tó ga jù. Wọ́n á kó gbogbo àwa ọmọdé sínú àkúrọ̀, a ó máa ṣeré bíi pé kò sí nǹkan. Lójijì, àgbà kan á ké, "Onílẹ̀ dé o!" Àwa náà á pariwo, "A fún un lọ́nà!" eré á sì di ti ẹsẹ̀. Ọmọ tó bá gbẹ̀yìn ni yóò fọ gbogbo abọ́. Ọdún kan, mo fẹ́ fi eré sísá han àwọn ọmọbìnrin, mo wá gba ojú ọ̀nà tààrà dípò ẹ̀gbẹ́ pèrègún. Ẹrẹ̀ gbà mí ní ẹsẹ̀ méjèèjì dé orúnkún. Nígbà tí wọ́n fà mí jáde, ṣòkòtò mi kò bá mi jáde. Ìhòòhò ni mo fi dé ìdí àkàrà. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá ní, "O ti mọ ìdí tí a fi ń gba ẹ̀gbẹ́ báyìí." Ìtìjú ọjọ́ yẹn, ìtìjú tó ń kọ́ ọmọ lọ́gbọ́n ni. Ó wù mí kó jẹ́ irú rẹ̀ nìkan ni mo ní láti sọ.

Ìyá wa yìí, ó mọ odò yẹn ju bí ó ṣe mọ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Bí a bá ń rẹ ẹ̀gẹ́ sómi, yóò máa sọ ọ́ fún wa wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó ní tí akàn bá ń fi ihò sílẹ̀ tó ń gun ògiri, ẹ wo ẹ̀yìn yín. Ó ní tí òjò bá ń rọ̀ tí odò ń hó, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀, ṣùgbọ́n tí òjò bá ń rọ̀ tí odò wá dákẹ́, ẹ máa sá lọ, nítorí nǹkan ti dí i lọ́nà lókè lọ́hùn-ún, nígbà tó bá já, kò ní kí ẹnikẹ́ni kú ilé. Ó ní iná àti iyọ̀ ni kí ẹ mú, kí ẹ fi aṣọ sílẹ̀, nítorí lẹ́yìn omi, aṣọ á gbẹ, ṣùgbọ́n ta ni yóò fún yín níná? A máa ń dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá." Etí ọ̀tún gbà á, etí òsì jù ú nù.

Nígbà tó wá di ayé ilẹ̀ títà, bí ìgbà tí àwọn sójà ń gbàjọba lọ́wọ́ ara wọn yẹn, Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó wú dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn tí ilé Mushin àti Agége kò gbà mọ́ ń wá ilẹ̀ kiri Ẹ̀gbẹ́dá, wọ́n gba Akówonjó, wọ́n gba Bàrúwà, wọ́n sì dé ibí. Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Láṣísì, ló ṣáájú nínú títà. Ilẹ̀ òkè ni a kọ́kọ́ tà. Nígbà tó tán, ojú wọn lọ sí àkúrọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ra àkúrọ̀? Wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà. Wọ́n kọ "Òkè-Ayọ̀" sí ara pákó, wọ́n kàn án mọ́ igi. Káfíńtà ni mí, èmi ni mo gé pákó náà. Mo rẹ́rìn-ín sí orúkọ ọ̀hún nígbà náà, mo ní ẹni tó sọ kòtò di òkè gbọ́n.

Ìyá wa kò rẹ́rìn-ín. Ó pe gbogbo wa jọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní kí a jókòó, òun fẹ́ tún ọ̀rọ̀ omi sọ fún wa, kí àwa náà lè sọ ọ́ fún àwọn tó ń rà á. Láṣísì kò jókòó. Ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́ jàre. Tí a bá sọ fún wọn pé omi ló ni ilẹ̀, ta ni yóò san owó fún wa, àbí omi?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyá wa wò wá kárí, ó ní, "Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ yín." Ó dìde, ó wọlé. Láti ọjọ́ yẹn, kò tún pè wá jókòó mọ́.

Pèrègún ló kù. Ọ̀kan nínú àwọn tó fẹ́ ra ilẹ̀, ìyá onígbàgbọ́ kan, rí i, ó fà sẹ́yìn. Ó ní òun kò lè fi owó tí òun fi òógùn rí ra ilẹ̀ tí ewé òrìṣà wà. Láṣísì lè sọ òtítọ́ fún un. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ má dá a lóhùn, Mọ́mì, ìbọ̀rìṣà àwọn àtijọ́ ni, ẹ gé e dànù." Ìyá náà kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá, wọ́n gbàdúrà yí i ká, wọ́n kọrin, wọ́n sì gé gbogbo rẹ̀ pátá, wọ́n hú gbòǹgbò rẹ̀, wọ́n dáná sun ún. N kì í dá wọn lẹ́bi. Ohun tí onílé bá pe nǹkan ni àlejò yóò bá a pè é. Ìyá wa jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń gbọ́ ìró àdá.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn ọmọ ẹbí wa di ohun tí ẹ̀yin náà ń gbọ́ lórí rédíò. Ẹni tó bá ra ilẹ̀, wọ́n á gba owó ìpìlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá kọ́lé dé fèrèsé, wọ́n á tún wá. Tó bá fẹ́ dé páànù, wọ́n á tún wá. Sátidé ìparí oṣù ni wọ́n fẹ́ràn jù, ọjọ́ sanitéṣọ̀n tí ìjọba ní kí kálukú tún iwájú ilé rẹ̀ ṣe, nítorí ọjọ́ yẹn kò sí ẹni tó gbọdọ̀ kúrò ní àdúgbò ní àárọ̀, gbogbo èèyàn ni wọ́n á bá nílé. Àwọn ènìyàn kò pè wọ́n ní orúkọ mọ́, ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n ń pè wọ́n, tàbí kí wọ́n kàn ní "Onílẹ̀ ti dé," wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn. Èmi kì í bá wọn lọ. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pa ẹran, mo máa ń jẹ níbẹ̀. Ohùn èmi àti Láṣísì sì jọra, ẹni tí kò bá rí wa kò lè mọ ìyàtọ̀.

Àsìkò yẹn ni telọ kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá gba yàrá lọ́dọ̀ wa. Gàníyù lorúkọ rẹ̀. Ó mú ìyàwó rẹ̀ wá, Ràfíátù, ọ̀dọ́mọbìnrin tí kò tíì ju ẹni tó ń tọ́ àkọ́bí lọ. Alhaja tí ẹ mọ̀ yìí ni. Bí ọkọ rẹ̀ bá ti jókòó ti máṣíìnì, òun á wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́dọ̀ Ìyá wa, á máa bá a ṣa ẹ̀fọ́. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ìbéèrè sì pọ̀ jù ú lọ. "Màmá, kí ló dé tí akàn yìí fi ń gun ògiri?" "Màmá, kí ni gbòǹgbò tó jóná tó tún ń hù lẹ́yìn ilé wa yìí?" Ìyá wa, tí ẹnu rẹ̀ ti dákẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo máa ń gbọ́ wọn láti ibi tí mo ti ń fá pákó. Gbogbo ohun tí ó ti sọ fún wa létí odò, ó ń sọ ọ́ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Èyí ríran. Àwa onílé ni ojú wa fọ́.

Ọjọ́ náà wá kò. Sátidé sanitéṣọ̀n ni. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ó ń wá fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́ láàárọ̀, àwọn ará ìsàlẹ̀ ti jáde síta, wọ́n ń kó ẹrẹ̀ kúrò nínú gọ́tà. Mo wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń tún ẹsẹ̀ àga kan ṣe. Ìyá wa jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi gan-an. Ó gbé orí sókè bí ẹni tí wọ́n pè. Ó ní, "Odò ti dákẹ́." Mo gbọ́ ọ. Mo tún ìṣó kan kàn. Ó yí ojú kọjá lórí mi, ó pe Ràfíátù tó ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ o: mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò pè mí.

Ràfíátù sáré yọ, ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá wa ní, "Ìyàwó, ṣé o gbọ́ odò?"

Ó tẹ́tí. Ó ní, "Màmá, n ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ohun tí mo wí náà nìyẹn. Lọ ké sí wọn."

Ó gbé ọmọ rẹ̀, Síkírù, lé Ìyá wa lẹ́sẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀. Èmi náà dìde, mo tẹ̀lé e dé etí òkè, bóyá láti wòran ni, n ò mọ̀. Ó dúró láàárín títì, ó gbé ohùn sókè bí Ìyá wa ṣe kọ́ ọ. "Onílẹ̀ dé o! Onílẹ̀ dé o!"

Ẹ̀yin ọmọ, mo ti dàgbà, mo ti sin òbí, mo ti sin ọmọ. N ò tíì rí ohun tó tì mí lójú bí ohun tí mo rí níbi tí mo dúró sí yẹn. Ṣọ́bìrì bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin. Ìyá kan fa ọmọ rẹ̀ wọlé ní apá. Ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé, gbàm, gbàm, láti ìhín dé ọ̀hún, a gbọ́ ìró irin tí wọ́n ń fi há a. Ẹnì kan pa rédíò. Títì tó kún fún èèyàn tẹ́lẹ̀ wá dá páropáro, ó ku Ràfíátù nìkan láàárín rẹ̀. Ìgbe tí àwọn bàbá wa fi ń lé èèyàn jáde kúrò nínú ewu, òun náà ló ń lé wọn wọ inú ewu yìí. Àwa la sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Ó tún ké e lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sí ẹni tó dáhùn. Ó wá bojú wẹ̀yìn, ó wò mí lókè níbi tí mo wà. Ayálégbé ni òun náà, ó mọ ohun tí ayálégbé ń gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé garawa kan tí wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà, ó mú òkúta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. "Omi dé o! Omi ti dé! Ẹ kó gbogbo ọmọ jáde kí wọ́n wá bá yín pọn, kò ní pẹ́ lọ o!"

Ẹ ní láti mọ̀ pé ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo àdúgbò, iwájú ilé wa lókè níbí ló sì wà. Ó lè tó oṣù kan kí ó tó yọ omi. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i pé ó ń ṣàn, garawa ló máa ń lù. Ìró yẹn, kò sí ará Òkè-Ayọ̀ tó lè fi oorun dá a lóhùn. Gbogbo ilẹ̀kùn tí wọ́n há ṣí padà. Bàbá gbé garawa, ìyá gbé ọpọ́n, ọmọ gbé kẹ́ẹ̀gì, arúgbó gbé kẹ́tùlù. Wọ́n sáré gòkè, wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ti ń jà sí ìlà kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé, ẹ̀rọ gbẹ bí ẹnu ààwẹ̀. Ìyá onígbàgbọ́ tó gé pèrègún ló kọ́kọ́ kọjú sí Ràfíátù, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ò bẹ̀rù Ọlọ́run? O fi omi pa irọ́ fún wa?" Ràfíátù kàn na ọwọ́ sí ẹ̀yìn wọn. Wọ́n yíjú padà, wọ́n sì rí omi náà. Ó ti ń wọlé wọn láti ẹ̀yìnkùlé, ó pupa, kò pariwo.

Ilé kan kò ṣí. Ilé Bàbá Fẹ́mi ni, akọ̀wé kan láti Èkìtì, èèyàn jẹ́jẹ́. Àwọn ọmọ ẹbí wa ti fi ọ̀rọ̀ owó ìpìlẹ̀ dà á láàmú títí. Tí ó bá ti gbọ́ pé onílẹ̀ ń bọ̀, àgádágodo ló máa ń fi sí ìta ilẹ̀kùn iwájú, á gba ẹ̀yìn wọlé, òun àti ìyàwó àti ọmọ á jókòó sílẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́, kí wọ́n lè rò pé kò sí ẹnì kan nílé. Nígbà tí wọ́n lu garawa, ó rò pé ọgbọ́n tuntun la fẹ́ fi mú òun jáde. Omi sì ti ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pa.

Mo mú hámà mi, mo sọ̀kalẹ̀. Omi ti dé orúnkún mi nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Mo kàn án, mo ní, "Bàbá Fẹ́mi, èmi ni o, ẹ jáde!" Mo gbọ́ ikọ́ ọmọ kan nínú ilé, mo sì gbọ́ bí ọwọ́ ṣe bò ó lẹ́nu. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, omi ni, kì í ṣe owó la bá wá!" Ohùn Láṣísì ni wọ́n ń gbọ́. Mo gbé hámà sókè kí n fọ́ àgádágodo. Ìyá Fẹ́mi rí i láti ojú fèrèsé, ó figbe ta, "Ó fẹ́ fọ́lẹ̀kùn! Bàbá Fẹ́mi, wọ́n ti mú irin wá!" Mo gbọ́ tí wọ́n ń wọ́ àga, wọ́n ń fi ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Wọ́n ń fi àga ti ilẹ̀kùn, omi sì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Mo ju hámà náà sínú omi. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó lè ti ẹnu mi jáde tí wọ́n á gbà gbọ́.

Ràfíátù ló ti ẹ̀yìn mi yọ. Ó fi ọwọ́ tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ jọ̀ọ́." Ó sún mọ́ fèrèsé. "Ìyá Fẹ́mi, èmi ni, ìyàwó telọ. Ẹ na kọ́kọ́rọ́ sí mi." Ọwọ́ kan yọ láàárín irin fèrèsé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́.

Wọ́n jáde. Omi ti dé ìbàdí. Bàbá Fẹ́mi gbé ọmọ lé èjìká, mo di apá rẹ̀ mú kí ó má baà ṣubú, nítorí mo mọ ibi tí ilẹ̀ ti le, mo ṣì rántí ojú ọ̀nà pèrègún nínú ẹsẹ̀ mi bí wọn tilẹ̀ ti gé e. Ọkùnrin yìí ju mí lọ lọ́jọ́ orí. Inú omi yẹn la wà tó fi yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Ẹ bá mi bẹ àwọn ẹ̀gbọ́n. Tó bá di ìparí oṣù, mo máa wá rí wọn."

Mo ní, "Bàbá Fẹ́mi, ẹ jẹ́ ká jáde nínú omi ná."

Ó ní, "Mo mọ̀, sà. Mo mọ̀. Ẹ má bínú."

Ikú yá jẹ̀sín, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí. Mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Kò sí ẹni tó kú, a dúpẹ́. Àwọn èèyàn ń kí ara wọn pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Wọ́n sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa àti sí ṣọ́ọ̀ṣì, iyọ̀ àti iná ilé wa ni gbogbo wọn fi dáná. Láṣísì wa ọkọ̀ wá láti Ẹ̀gbẹ́dá, níbi tó ti kó lọ gbé, ní ọjọ́ kejì. Ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni pé ṣé omi kò tíì wọ́ òpó ààlà àwọn ilẹ̀ tó kù lọ.

Nígbà tí a padà dé ọ̀dọ̀ Ìyá wa ní ọjọ́ omi yẹn, Síkírù ti sùn lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó bi Ràfíátù pé, "Nígbà tí o ké, ṣé wọ́n dáhùn?" Ìdáhùn àtijọ́ ló ń bèèrè, A fún un lọ́nà.

Ràfíátù kúnlẹ̀. Ó ní, "Wọ́n dáhùn, Màmá."

Ìyá wa mi orí. Ó ní, "Etí mi kò tíì di, ìyàwó. Ìró ilẹ̀kùn ni mo gbọ́." Kò wo ojú mi. Ó ń fi ọwọ́ pa orí ọmọ náà. Ó ní, "Kọ́ àwọn ọmọ ní garawa. Ọ̀rọ̀ yẹn ti bàjẹ́."

Ẹ ti mọ ìdí garawa báyìí. Ọdọọdún tí òjò àkọ́rọ̀ bá ṣú, bí èyí tó ṣú lónìí, Ràfíátù á kó àwọn ọmọ ìsàlẹ̀ jọ, á dín àkàrà, wọ́n á lu garawa, wọ́n á sá gòkè. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kun ara òpó iná níbi tí omi dé, dípò pèrègún, nítorí kò sí ẹni tí òpó iná lè bà lẹ́rù. Ọmọ Bàbá Fẹ́mi ti ń kọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀. Gbogbo wọn ló mọ ti akàn, wọ́n mọ ti odò tó dákẹ́. Ẹ̀yin tí bàbá ńlá yín gbin pèrègún, ẹ kò mọ̀ ọ́n. N ò lè bá yín wí, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bá yín wí?

Ìyá wa kú nígbà ọyẹ́ ọdún omi náà. Àárọ̀ ló kú, wọ́n ní lẹ́yìn ìrun Àsárì ni a ó sin ín. Mo ní èmi fúnra mi ni yóò sọ̀kalẹ̀ lọ sọ fún àwọn ará ìsàlẹ̀, nítorí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Mo kan ilẹ̀kùn àkọ́kọ́. Mo gbọ́ sálúbàtà nínú ilé, ó ń bọ̀. Wọ́n ní, "Ta nìyẹn?" Mo ní, "Èmi ni." Sálúbàtà dúró. Mo lọ sí ìkejì, ó rí bẹ́ẹ̀. Mo padà gòkè, mo bẹ Ràfíátù. Ó nu ojú, ó wé gèlè rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀. Láti òkè níbí ni mo ti ń wò ó: ilẹ̀kùn ń ṣí níwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn èèyàn ń jáde, wọ́n ń káwọ́ lérí. Ẹsẹ̀ pọ̀ níbi òkú náà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ló kéde ikú ìyá wa lórí ilẹ̀ bàbá wa.

Òjò yìí ti fẹ́ dá. Tó bá dá, ẹ gbé garawa kan, kí ẹ lọ bá Alhaja, ẹ ní kó kọ́ yín. Tí ẹ bá dé ìsàlẹ̀ tí wọ́n bi yín pé ọmọ ta ni yín, ẹ má dárúkọ ilé wa o. Ẹ ní ọ̀dọ̀ Alhaja lẹ ti wá. Wọ́n á ṣílẹ̀kùn fún yín.